Mítà Mẹ́sàn-án

Wáyà tí wọ́n fi ń fa iná wọ ilé iṣẹ́ ńlá kì í ṣe irú èyí tó wà nínú ògiri ilé wa. Ó nípọn tó ọrùn ọwọ́ mi, ó dúdú bí ìdí ìkòkò, ara àgbá onígi tó ga tó ènìyàn ni wọ́n sì máa ń wé e mọ́. Lára awọ rẹ̀, ní mítà kọ̀ọ̀kan, wọ́n tẹ nọ́ńbà sí i: 001, 002, 003, títí tí yóò fi dé 500. Nọ́ńbà náà kéré. Bí eruku bá ti bà lé e, kò hàn mọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń fi wáyà yìí jẹun ni kò sì wò ó rí.

Èmi máa ń wò ó. Ìgbà yẹn, èmi ni mò ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní sáìtì kan lẹ́yìn Agbára, lójú ọ̀nà Lúsàdà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Àǹtí Sítọ́ọ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí, látorí lébírà dé orí ọ̀gá àgbà. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ orúkọ mi títí iṣẹ́ fi parí. Láràárọ̀, kí àwọn oníná tó dé, màá gbé tọ́ọ̀ṣì, màá fi àkísà nu ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, màá kọ nọ́ńbà tí mo bá bá níbẹ̀ sínú ìwé. Kò sẹ́ni tó ní kí n máa ṣe é. Ẹni tí mo gba sítọ́ọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló fi hàn mí lọ́jọ́ tó ń lọ, ó ní òun kàn fẹ́ kí n mọ̀ ni.

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, ìwé mi sọ pé 342 ni wọ́n gé wáyà kan dé lánàá. 351 ni mo bá lẹ́nu rẹ̀.

Mo tún un nù. 351.

Mítà mẹ́sàn-án ti lọ. Bó ṣe lọ ló dùn mí ju pé ó lọ. Ẹni tó gé e fara balẹ̀ gé e ni. Ojú ibi tó gé mọ́ tónítóní, ó sì fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀ kí òjò má baà rọ̀ sí i, bí ọmọ iṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ dójú àmì ṣe máa ń ṣe. Olè tó bá yọ́ wọlé lóru kì í mú téèpù dání.

Gbogbo ẹni tí mo sọ ọ́ fún lọ́jọ́ náà ló pa òwe ògiri àti aláǹgbá fún mi. Mo kàn ń wò wọ́n ni. A ò tí ì mọ ògiri kankan nígbà yẹn. Páànù ni a fi yí ibẹ̀ ká lápá títì. Lápá ẹ̀yìn, koríko ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn ni mo lọ tọrọ ìwé ìdíyelé iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan nínú àwọn tó ń ṣírò owó. Ìwé náà nípọn ju Bíbélì lọ. Wọ́n ka bọ́ọ̀tù, wọ́n ka nọ́ọ̀tì, wọ́n ka ìlẹ̀kùn ilé ìtọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ààbò ní ìlà kan ṣoṣo. Àárín owó omi tí òṣìṣẹ́ máa mu àti owó pátákó tí wọ́n máa kọ orúkọ iṣẹ́ sí ni wọ́n há a sí: ààbò sáìtì, iye kan lápapọ̀. Kò sọ ẹ̀ṣọ́ mélòó, kò sọ géètì mélòó, kò sọ̀rọ̀ iná alẹ́, kò sọ oṣù mélòó. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ náà á kàn kọ iye tó bá wù ú síbẹ̀. Nígbà tó sì jẹ́ pé ẹni tí owó rẹ̀ bá kéré jù ni wọ́n sábà ń gbé iṣẹ́ fún, ìlà yẹn ni oníkálukú ti ń fá owó kúrò. Kò kúkú sí ilé tó wó rí nítorí pé wọ́n dín owó mẹ́gáàdì kù.

Èdè wa tiẹ̀ tún fi kún un. Ààbò méjì ló wà ní sáìtì, orúkọ kan náà ni a sì ń pe méjèèjì: ààbò tí akoto ń ṣe fún orí, àti ààbò tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣe fún ẹrù. Ti àkọ́kọ́ ní ọ̀gá tirẹ̀, ó ní ìpàdé òwúrọ̀, ó ní pátákó gàgàrà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ka iye ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò tíì fara pa. Ti èkejì ní Bàbá Géètì.

Bàbá náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ kan ló gbà wọ́n síṣẹ́, tó wá yá wọn fún agbaṣẹ́ṣe wa. Lórí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan, agbaṣẹ́ṣe ń san iye kan lóṣooṣù. Ohun tó ń dé ọwọ́ Bàbá kò tó ìdajì rẹ̀, kì í sì í tètè dé. Lóṣù tí wáyà yẹn sọnù, oṣù kẹta rèé tí Bàbá ò tíì fojú kan kọ́bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì kan, fèrè kan, kóńdó kan ni irinṣẹ́ wọn. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lórí ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ aládàáni ní 1986 kò gba irú wọn láyè láti gbé ìbọn. Àwọn Sífù Dìfẹ́ǹsì ló ń mójú tó o. Mi ò rí àléébù nínú ìyẹn. Ìbọn lọ́wọ́ ẹni tí ebi oṣù mẹ́ta ń pa, ta ni yóò dúró níwájú rẹ̀? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti gba ìbọn lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ojú àti àṣẹ ló kù tó fi ń ṣọ́ nǹkan. Ojú Bàbá Géètì mú. Àṣẹ ni wọn ò ní.

Bébà kan wà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ahéré wọn lẹ́nu géètì. Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ yẹ báàgì gbogbo lébírà wò bí wọ́n bá ń jáde. Lébírà. Kò dárúkọ ọkọ̀ ẹńjíníà, kò dárúkọ bọ́ọ̀sì àwọn oníná, kò dárúkọ èmi. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ó rí àwọn ọmọkùnrin tó ti ru kọnkéré látàárọ̀ tí wọ́n tò gbọọrọ, tí wọ́n ń tú abọ́ oúnjẹ wọn fún bàbá arúgbó kan, nígbà tí ọkọ̀ ńlá ńlá ń gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá, tí awakọ̀ ń tẹ fèrè pé kí Bàbá sáré wá ṣí géètì.

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán sáìtì wa fi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ òṣìṣẹ́ sí ẹ̀yìn pátápátá. Rírìn lọ, rírìn bọ̀, á tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún àgbàlagbà. Nítorí náà, inú igbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni Bàbá ń lọ, wọn kì í sì í pẹ́ níbẹ̀, àmọ́ gbogbo sáìtì ló mọ àkókò wọn. Aago méje alẹ́ kọjá díẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹun tán.

Bàbá tèmi gan-an ṣe ọdẹ àdúgbò rí, ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, kí n tó wọ ilé ìwé girama. Wọ́n ní ìbọn ṣakabùlà kan tí n kò gbọ́ kó dún rí. Irin kékeré kan ni wọ́n ń lò ní tiwọn: bí aago bá ti pé, wọ́n á fi lu òpó iná iye ìgbà tí aago wí, kí onílé tó bá tají lè mọ̀ pé ojú ọdẹ là. Èkejì ni pé wọ́n mọ ènìyàn. Wọ́n mọ ilé tí ọkọ ti rìnrìn-àjò, wọ́n mọ ọmọ tó máa ń pẹ́ wọlé àti ẹni tó ń sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n mọ ajá tó máa ń gbó lásán àti èyí tí kì í gbó lásán. Tí oṣù bá parí, onílé kọ̀ọ̀kan á fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú owó wá. Kò sí ọ̀gá kankan láàárín tó ń jẹ ìdajì. Nígbà tí mò ń dàgbà, ojú a máa tì mí pé ọdẹ ni bàbá mi. Sáìtì ni mo dé kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣètò ààbò sáìtì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ pé sáìtì kì í jẹ́ ibì kan náà fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí katakátá bá ń tu igbó, kò sí ohun tí olè fẹ́ jí níbẹ̀ àfi dísù, epo tí katakátá ń mu. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí. Bó bá kan ìpìlẹ̀, irin àti sìmẹ́ńtì dé. Sìmẹ́ńtì rọrùn láti kà. Irin ló le, torí wọ́n á gé èyí tó dáa sí kéékèèké, wọ́n á ní àjákù ni, oníkóńdẹ̀mù á sì ti ọmọlanke rẹ̀ dé. Bí wọ́n bá ti na òpó irin tán tó wá kan iná, kọ́pà inú wáyà ni wọ́n kó wọlé yẹn, kọ́pà ò sì ní orúkọ olówó rẹ̀ lára mọ́ tí wọ́n bá ti sun awọ rẹ̀ dànù. Nígbà tí ẹ̀rọ bá dé níkẹyìn, ohun tó lè dá iṣẹ́ dúró jù lè gba inú àpò ṣòkòtò: káàdì pẹlẹbẹ kan nínú pánẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹ̀rọ. Bí ẹnì kan bá yọ ọ́ lọ, ẹ̀rọ á jókòó títí òmíràn á fi ti òkè òkun dé.

Ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà ni a ní nígbà tí a ń tu igbó. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́fà náà ni a ní nígbà tí kọ́pà dé. Kọ́pà náà tún dé ní oṣù márùn-ún ṣáájú ìgbà tí a nílò rẹ̀, torí ẹnì kan ní ọ́fíìsì sọ pé dọ́là fẹ́ gbéra, ká tètè rà á. Ó jàre ní ti dọ́là. Ṣùgbọ́n kò bèèrè ibi tí àgbá wáyà mẹ́tàlélógún máa sùn fún oṣù márùn-ún. Ìta gbangba ni wọ́n sùn, lápá koríko.

(Ní ti dísù, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó gbàgbé. Ẹ má ṣe jẹ́ kí tánkà dúró sórí ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́ kí ẹ tó ki ọ̀pá bọ̀ ọ́ láti wọ̀n ọ́n. Dísù á ṣàn sí apá kan, ọ̀pá á sì purọ́ fún yín ní ọ̀sán gangan. Ọdún kan gbáko ni wọ́n fi ṣe èyí fún mi.)

A bẹ̀rẹ̀ sí í ka wáyà. Ó gbà wá ní ọjọ́ mẹ́rin, àgbá sí àgbá. Mítà 214 ló dín. Kò sí ibi tí wọ́n ti gé mítà 20 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Mẹ́fà níbí, mẹ́sàn-án lọ́hùn-ún, gbogbo ẹnu rẹ̀ ni wọ́n sì fi téèpù wé. Àwọn tí kò ní nọ́ńbà nínú ìwé mi nítorí pé mo ṣàìsàn lọ́sẹ̀ yẹn, a ò lè mọ tiwọn.

Igi máńgòrò kan wà ní òdìkejì géètì wa. Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ló ń jókòó síbẹ̀ ta lúdò látàárọ̀ ṣúlẹ̀, obìnrin kan sì ń sun àgbàdo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣí iṣẹ́, ilé iṣẹ́ fún Baálẹ̀ ní màlúù kan, wọ́n sì ya fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi bọ́ọ̀sì kó lébírà wá láti Èkó, wọ́n kó ẹ̀ṣọ́ wá láti ibòmíràn, àwọn ọmọ abúlé dúró sábẹ́ máńgòrò. Wọ́n wá bèèrè owó ìpìlẹ̀, a sì mọ̀ pé owó òrùlé ń bọ̀ lọ́nà. Mi ò gbèjà ẹni tó ń fi àdá gba owó. Ìjọba Èkó àti ti Ògùn ti ṣòfin lórí àwọn ajagungbalẹ̀ láti 2016, ibi tí òfin náà dé ni mi ò ní sọ. Nínú ìwé wa, orúkọ kan ṣoṣo ni àwọn ọmọ yẹn ní, ewu.

Mo lọ ra àgbàdo lọ́jọ́ tí a kà á tán. Inú mi bàjẹ́, mo sì ń sọ̀rọ̀ jù. Obìnrin náà yí àgbàdo mi padà lórí ààrò, ó ní, "Àǹtí, ṣé bọ́ọ̀sì àwọn oníná yín yẹn lẹ̀ ń wí? Tí wọ́n bá ti yà níwájú lọ́hùn-ún, wọ́n máa ń já ẹrù fún oníkóńdẹ̀mù kan. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é."

Mo ní, "Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?"

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "A rò pé ẹ mọ̀ ni."

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìtàn àwọn sáìtì tó burú ju tiwa lọ. Mo mọ̀ pé mítà 214 kì í ṣe ogun, n kò sì fi wé e. Ṣùgbọ́n ibi tí ìwé ètò ààbò kọjú sí àti ibi tó kẹ̀yìn sí, ohun tí mò ń wá nìyẹn, mo sì ń bá a pàdé níbi gbogbo. Ní In Amenas, nínú aṣálẹ̀ Àlgéríà, ilé iṣẹ́ Sonatrach ti ìjọba ibẹ̀, BP àti Statoil ti Nọ́wè ló jọ ń wa gáàsì. Sójà Àlgéríà ló yí ìta ibẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìíní 2013, àwọn agbébọn ya wọlé, wọ́n sé àwọn òṣìṣẹ́ mọ́lé fún ọjọ́ mẹ́rin, àwọn òṣìṣẹ́ tó kú sì tó bí ogójì. Statoil ní kí wọ́n wádìí rẹ̀, ìwádìí náà sì jáde lọ́dún kan náà. Ó ní wọ́n ti gbọ́kàn lé àwọn sójà ìta jù, kò sì sí ẹni tó jókòó rò ó wò pé agbébọn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè kọjá lára sójà kó dé ẹnu géètì. Ẹ̀ṣọ́ kan lẹ́nu géètì, tí kò ní ìbọn, ló tẹ agogo ìdágìrì kí ọta tó bà á. Agogo yẹn làwọn kan gbọ́ tí wọ́n fi rí ibi sá pamọ́ sí. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ sáìtì tiwa, agogo wo ni Bàbá Géètì ì bá tẹ̀? Fèrè ni wọ́n ní.

Ti Palma ní Mòsáńbíìkì tún dá yàtọ̀. Iṣẹ́ gáàsì Total ní Afungi, nítòsí Palma, jẹ́ iṣẹ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là. Àwọn sójà wà níbẹ̀ láti ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìlú Palma, tí àwọn agbaṣẹ́ṣe kéékèèké àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń gbé, tí oúnjẹ àti ẹrù ń gbà kọjá, kò rí irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta 2021, lọ́jọ́ gan-an tí ilé iṣẹ́ kéde pé iṣẹ́ máa padà bẹ̀rẹ̀, ìlú ni àwọn agbébọn kọlù. Àwọn ènìyàn há sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí wọ́n ń pè ní Amarula, nígbà tí wọ́n sì fi ọkọ̀ tò jáde níbẹ̀, àwọn agbébọn ti lúgọ dè wọ́n lọ́nà. Kí oṣù Kẹrin tó parí, iṣẹ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là ti dúró. Wọ́n ṣọ́ fẹ́ńsì, wọn ò ṣọ́ ìlú tí fẹ́ńsì ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí tèmi.

Ilé iṣẹ́ adójútòfò kì í san owó ohun tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ń ka ọjà ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó dín. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ẹni tó ṣe é. Nítorí náà, ó di dandan kí ìjábọ̀ wà, kí ìjábọ̀ sì ní elẹ́bi. Ẹńjíníà àgbà kọ ọ́ ní ojú ewé kan, ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Àìbìkítà ẹ̀ṣọ́ ni ó kọ síbẹ̀.

Mo ní, "Ẹńjíníà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe Bàbá."

"Mo mọ̀," ni ó wí. "Àbí àwọn oníná ni kí n lé, Àǹtí Sítọ́ọ̀, nígbà tó ku oṣù méjì kí iná tàn? Mẹ́gáàdì, ọ̀la ni wọ́n máa gbé òmíràn wá."

Kò pariwo mọ́ mi. Ó tiẹ̀ ní kí n jókòó. Ó tẹ bébà náà síwájú mi, ó gbé bírò lé e, ó wá ń wo fóònù rẹ̀. Mo ní ọmọ méjì nílé ìwé nígbà yẹn. Ṣé ìdí kọ́ nìyẹn? N kò mọ̀ mọ́. Mo fọwọ́ sí i.

Wọ́n yọ Bàbá Géètì ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Wọn ò rí owó oṣù mẹ́ta náà gbà. Ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àìbìkítà ti jẹ ẹ́. Wọ́n kí mi kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní, "Àǹtí Sítọ́ọ̀, ẹ máa nu wáyà yín o." Ẹ̀ṣọ́ tuntun, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló bá ìwé ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ ẹní nínú ahéré, ló mú un wá bá mi, ó ní bóyá ti sítọ́ọ̀ ni.

Ìwé Bàbá ni. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, láìsí àmì kankan lórí. Ojoojúmọ́ ló wà níbẹ̀: ohun tó wọlé, ohun tó jáde. Ọkọ̀ yanrìn, mẹ́ta. Tánkà, ọ̀kan. Ẹńjíníà jáde, wọn ò dúró. Ní alẹ́ tó ṣáájú Ọjọ́bọ̀ mi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: bọ́ọ̀sì àwọn oníná jáde, aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú, mo ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn, wọ́n ní ta ni mí.

Ìwé yẹn wà nínú báàgì mi nígbà tí wọ́n pè mí sí iṣẹ́ kejì, ní apá Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì. Mo ti kúrò ní sítọ́ọ̀ nígbà yẹn, wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣètò. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé orí àwòrán ni mo bá iṣẹ́ náà, wọn ò tíì ge igi kan. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ mi ni pé báwo ni ògiri ṣe máa ga tó. Ògiri! Ilé ìfọpo Dangote tó wà ní agbègbè yẹn, hẹ́kítà 2,635 ni ilẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá tò ó ní onígun mẹ́rin tó dọ́gba, ẹni tó bá fẹ́ yí i po á rin ìrìn tó lé ní kìlómítà 20. Tiwa ò tó èékánná rẹ̀, síbẹ̀ oṣù méje ni ògiri á fi dé ìparí. Oṣù méje yẹn ńkọ́? Mo ní ká gbàgbé ògiri ná, ká kọ́kọ́ sọ ibi tí sítọ́ọ̀ máa wà. Wọ́n ti yà á sí ẹ̀gbẹ́ títì kí tírélà má baà jìyà. A gbé e wá sí àárín, níbi tí gbogbo ọ́fíìsì ti ń fi fèrèsé wò ó. Géètì mẹ́rin di méjì. Ibi tí wọ́n fẹ́ máa to búlọ́ọ̀kù sí, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì gan-an ni. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n ń to àtẹ̀gùn sílẹ̀ fún. Wáyà ò gbọdọ̀ dé kí yàrá tí wọ́n máa tì í mọ́ tó ní òrùlé, kí dọ́là máa fò lọ.

Mo ní kí wọ́n kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan mọ́ ahéré ẹ̀ṣọ́. Ẹni tó ya àwòrán rẹ́rìn-ín. Ó ní ibi tí àwọn àlejò ọlọ́lá máa gbà wọlé nìyẹn. Mo ní kí ó fi òdòdó bò ó. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, òdòdó sì ti bò ó.

Èyí tó gbà mí lásìkò jù lọ ni owó ẹ̀ṣọ́. Mo ní kí wọ́n má san owó fún ilé iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ lóṣù tuntun àfi tí ẹ̀ṣọ́ kọ̀ọ̀kan bá fi fóònù rẹ̀ hàn pé owó oṣù tó kọjá ti wọlé sí báńkì òun. Ilé iṣẹ́ méjì kọ iṣẹ́ náà nítorí ìyẹn nìkan, mo sì rò pé wọ́n ṣeun. Ìdá kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ àti lébírà, abúlé ni a ti mú wọn. Wàhálà wà ńbẹ̀ o, Baálẹ̀ méjì ló ń jìjà orúkọ ta ni wọ́n máa kọ, a fi oṣù kan gbáko sọ̀rọ̀, àwọn ọ̀gá mi sì ń wò mí bí ẹni pé èmi ni mo bí Baálẹ̀ méjèèjì.

Ní ti bébà ẹnu géètì, ọ̀rọ̀ kan ni mo yí padà nínú rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti kọ lébírà, mo kọ gbogbo ẹni. Ọ̀gá àgbà fọwọ́ sí i láìwò ó. Lọ́sẹ̀ kejì, ẹ̀ṣọ́ dá ọkọ̀ ọ̀gá àgbà dúró, ó ní kí wọ́n ṣí búùtù. Mo wà ní fèrèsé, àyà mi ń já. Ọkọ̀ náà dúró, ó pẹ́ díẹ̀, búùtù bá ṣí. Àpò gàrí kan àti táyà ló wà níbẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ dúpẹ́, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, n kò tún gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bi ẹ̀ṣọ́ pé ta ni.

Mo wá Bàbá Géètì nígbà tí a fẹ́ gba ẹ̀ṣọ́. Nọ́ńbà wọn kò lọ mọ́. Mo dé Lúsàdà, obìnrin alágbàdo ní wọ́n ti kó padà sí ìlú wọn, kò mọ ibẹ̀ dáadáa, ó ń rántí pé ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ni. Máńgòrò ṣì wà níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, iná sì ń tàn.

Ìwé ẹ̀kọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ mi pọ̀ nínú rẹ̀, torí èmi ni mo sábà máa ń jáde kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń kọ síbẹ̀ ní gbogbo alẹ́, títí dé alẹ́ ọjọ́ tí mo fọwọ́ sí bébà yẹn: Àǹtí Sítọ́ọ̀ jáde, báàgì kan, n ò wò ó.